Ọkọ̀ Aláìlẹ́ńjìnnì Tí O Ní Kí A Wò

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo bí tí ara tù mí,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ, ṣé ọ̀gá yín tó máa ń kanra ti jẹ́ kí o sinmi díẹ̀? Àwa níbí ń mí, a sì ń dúpẹ́. Ilẹ̀ tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó bá jókòó láti gbèrò ibi sí ọ, àga náà ni yóò dà á nù, Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ tó ń ṣọ́ ọ bọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kankan nínú ìlú ńlá yẹn. Jọ̀ọ́, ṣe àmín síta o, má kàn fi ojú kà á kọjá, torí mo mọ̀ ọ́.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò, wọ́n ti bá wa kàn án, ó ti wá ń jò níbòmíràn. Adìẹ funfun tí o ní a kò gbọdọ̀ pa ti pamọ, àwọn ọmọ náà sì ya aláìgbọràn bíi tìrẹ nígbà tí o wà ní kékeré. Kò-kánjú, bàbá tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ní kí n kí ọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ṣì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́: jíà kejì kì í wọlé mọ́ àyàfi tí mo bá bẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì jábọ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sá fún mi, ó wá ku nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láti ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀yìn ọjà, òun náà sì máa ń gbàdúrà kó tó wọlé. Ìyá rẹ wà. Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ìyá rẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, má fò ó, kà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè dé bá ọ bó ṣe dé bá èmi náà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. O kọ ọ́ sórí fóònù pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ yóò gbé èyí tuntun wá kí èmi àti ìyá rẹ fi ojú ara wa rí i, kí a sọ fún ọ bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí lójú wa, kí a sì mú ẹ́ńjìnnì tó bá wù wá nínú oríṣi mẹ́ta tí wọ́n ń tà. O ní ọkọ̀ wa àtijọ́ náà ni, pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kàn tún un ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Mo rí ọkọ̀ yẹn, ẹnu mi là, n kò rántí pa á dé. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ wa ló bí i, kí wọ́n lọ wádìí bàbá rẹ̀ dáadáa.

Ọkọ̀ tiwa ní ojú méjì róbótó, bí o bá wò ó ìwọ náà á mọ̀ pé ó ń wò ọ́, ó sì ní ẹnu gbàgà níwájú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ti eléyìí, ojú rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò sì fẹ́ jí, ìlà iná funfun kan sì là á já láti etí dé etí. Ẹnu kò sí. Mo wá ẹnu títí, mo fi ọwọ́ pa á, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo bi dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá pé ibo ló ń gbà mí, ó ní kì í mí. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Kì í ṣe ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe jíìpù. Ó ga ju ti àkọ́kọ́, kò ga tó ìkejì. Dẹ́rẹ́bà ní bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, pé àárín àwọn méjèèjì ló wà, pé ohun táwọn èèyàn ń rà kiri báyìí nìyẹn. Mo ní kí ló dé tí kò fi lè pinnu. Wọ́n fi ike dúdú yí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò ha nǹkan, òrùlé rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ gẹ́rẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ẹni gíga tó bá jókòó síbẹ̀ yóò máa tẹríba fún àwọn ará iwájú títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo bi í pé kí ló fa ìyẹn, ó ní nítorí afẹ́fẹ́ ni. Ọkọ̀ tí kì í mí, kí ló kàn án pẹ̀lú afẹ́fẹ́?

Ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ti wọnú lọ, kò sí ibi téèyàn máa dì mú. Níbi tí a ti ń wá a ni ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ jáde fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ni Kò-kánjú bá fò sẹ́yìn, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dẹ́rẹ́bà ti ara rẹ̀ mọ́ta, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ nínú ọkọ̀. Mo ti ní kí Kò-kánjú lọ mú wáyà wá, àfi bí dẹ́rẹ́bà ṣe pe ilé iṣẹ́ wọn lórí fóònù, tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn náà láti ìlú ńlá lọ́hùn-ún. Láti ìlú ńlá! Ara mi bù máṣọ. Mo rò ó pé ẹni tó bá lè ṣí ilẹ̀kùn láti ọ̀nà jíjìn báyẹn kò lè ṣàìrí inú ọkọ̀ náà. Nítorí náà, nígbà tí mo wọnú ọkọ̀, mo ṣí fìlà, mo kí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà dáadáa, mo dúpẹ́ pé wọ́n ń ṣe dáadáa sí ọmọ mi, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa dín iye rẹ̀ kù. Obìnrin kan dáhùn láti inú ọkọ̀ pé kí n de bẹ́líìtì mi. N kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n mo dè é, mo sì ní kí wọ́n má bínú. Bí o bá pàdé rẹ̀ níbẹ̀, bá mi kí i, ohùn rẹ̀ dára, ó kàn le díẹ̀ ni.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá rẹ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sún mọ́ ibẹ̀. Mo pè é kó wá wo nǹkan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ rà, ó ní òun ti rí i láti ibi tí òun wà. Mo ní báwo ló ṣe rí, ó ní ó dára, ó rẹwà. Ó bí mi nínú díẹ̀ o, kí n má purọ́. Ojú burúkú báyẹn, kí èèyàn jókòó kó ní ó rẹwà! Mo ní bóyá nítorí pé ìwọ lo fẹ́ rà á ni.

Mo wá ní kí dẹ́rẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n rí ẹ́ńjìnnì, torí ìwọ náà mọ bàbá rẹ, n kì í fi ojú ra ọkọ̀, etí ni mo fi ń rà á. Ó ṣí i. Ọmọ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan! Àpótí ike kan ló wà níbẹ̀, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, agboòrùn àti aṣọ òtútù dẹ́rẹ́bà ló kó sí i, ibi tí ẹ́ńjìnnì yẹ kó wà. Mo pariwo olè. Kò-kánjú ti di dẹ́rẹ́bà mú níbi bẹ́líìtì sòkòtò kí n tó pa ẹnu dé, ó ní òun ti fura sí i látìgbà tó ti wọlé, pé ibi tó ti dúró jẹun ní oríta ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì náà tà. Dẹ́rẹ́bà ń bẹ̀bẹ̀ pé ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Mo ní a ti rí ìyẹn, ohun tí à ń bi í ni ibi tó gbé e lọ. A gba bàtà rẹ̀ kó má baà sá, a ní kó jókòó sórí táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù Kò-kánjú títí ẹ́ńjìnnì ọmọ mi yóò fi padà wá. Ìyá rẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi í bóyá ó ti mumi láti àárọ̀, ó wá ní kí a fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé ohùn ẹni tó jalè kọ́ nìyí.

Nọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kó wa yọ. Ó wá gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó bá èèyàn méjì tí wọ́n dúró ti ẹnìkan tí kò wọ bàtà, ló bá bi wá kí ló dé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ oníná ni, pé bátìrì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò ló ń gbé e, bí a ṣe ń gba iná sí fóònù la ṣe ń gba iná sí i. Ojú tì mí, a fẹ́ dá bàtà dẹ́rẹ́bà padà, ṣùgbọ́n ti òsì nìkan ni a rí, ti ọ̀tún, ajá Kò-kánjú ti gbé e lọ, a kò tíì mọ ibi tó sin ín sí. Dẹ́rẹ́bà ní kò sí wàhálà. Ọmọlúàbí ni, mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Kò-kánjú lọ mú okùn fóònù tirẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n fi han òun ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀.

Dẹ́rẹ́bà wá ṣàlàyé àwọn ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú bàtà. Àkọ́kọ́, ó ní epo bẹntiróòlù ló ń jẹ, sìlíńdà mẹ́ta ló ní. Mo ní ti ọkọ̀ wa mẹ́rin ni, ta ló mú ìkẹrin? Ó ní wọ́n dín in kù ni, kó má baà jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan sí i tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú kó lè lágbára. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún kó tó lè gbé ẹrù, ṣé ìwọ á gbà á síṣẹ́? Ìkejì, ó ní àdàlù ni, ẹ́ńjìnnì elépo àti èyí tó ń lo iná, àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ kan, bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́ èkejì á sinmi, nígbà míràn wọ́n á jọ ṣe é. Inú ilé olórogún ni wọ́n bí mi sí, ilé ìdáná kan, ìyàwó méjì, mo mọ bí ìpín iṣẹ́ ṣe máa ń rí níbẹ̀. Mo ní ta ló ń dá sí i bí wọ́n bá jà. Ó ní kọ̀ǹpútà ni. Kọ̀ǹpútà tí kò gbéyàwó rí! Ìkẹta ni èyí tó wà níwájú wa, tí kò jẹ epo, tí kò mu omi, tí kò mí, tí kò sì dún. Mo ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti òkú. Dẹ́rẹ́bà ní kí n wà á wò ná kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

O mọ bí mo ṣe ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ ìwọ. Mo máa ń fi aṣọ ìnura bo gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà máa wo aago kiri, kó fi etí gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ. Bó bá ń kùn, ó ń tọrọ jíà míràn nìyẹn. Nítorí náà mo ju aṣọ ìnura bo tẹlifíṣọ̀n gbàràmù tó wà níwájú ọkọ̀ yẹn. Dẹ́rẹ́bà ní kí n jọ̀ọ́ kí n má bò ó, pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ẹ̀yìn. Mo ní mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i. Nọ́ọ̀sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó lè kọ́ nǹkan. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ́tí. Kẹ́kẹ́ pa. Mo yí nǹkan kékeré kan tí wọ́n pè ní jíà síwá sẹ́yìn, mo tún tẹ́tí, ó dákẹ́ lọ gbáà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò tíì ta, pé bí ọkọ̀ bá lágídí báyìí, ẹsẹ̀ la fi ń jí i. Ni mo bá gbé ẹsẹ̀ lé e, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ó ti ta tipẹ́.

Ẹ̀yìn ló fi lọ, wìì, kò sí ariwo, bí ìgbà tí wọ́n fa ẹní lábẹ́ mi. Mo gbọ́ igbe Kò-kánjú, mo gbọ́ igbe dẹ́rẹ́bà, n kò mọ èyí tó jẹ́ bíréèkì mọ́, èmi tí mo ti kọ́ ìdajì ìlú yìí. Kí n tó rí i, ọkọ̀ náà dúró fúnra rẹ̀, gbì! Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárìn, aṣọ ìnura já bọ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pípì pípì pípì, mo sì wo tẹlifíṣọ̀n náà. Ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Ó kún inú rẹ̀ pátá. Àwo pẹrẹsẹ tí ife omi wà lórí rẹ̀ ló gbé dání, omi tó ń gbé lọ fún dẹ́rẹ́bà.

Mo sáré bọ́ sílẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn ọkọ̀ àti aṣọ ìyá rẹ kò gba àtẹ́lẹwọ́ mi, mo kì í bọ̀ ọ́, kò wọlé. Kò-kánjú ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ dúró síbẹ̀, omi náà kò tilẹ̀ dànù. Kò wo ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ Kò-kánjú tó ń sunkún ló kọjú sí, ó ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ṣubú, kí ni nǹkan tó ń ké pípì, pé kí dẹ́rẹ́bà jọ̀ọ́ wá gba omi lọ́wọ́ òun. Dẹ́rẹ́bà sì wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Mo ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn lójú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Mo tún un ṣe, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìka kan imú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Ọmọ mi, ẹnu ti ń yà mí láti àárọ̀, mo rò pé ẹnu yíyà náà ti tán nínú mi, n kò mọ̀ pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Nígbà náà ló wá kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló dé tí ohùn mi fi ń gbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì mú un jókòó, ó tan iná fóònù sí i lójú. Ó ní àwọ̀ funfun kan ti bo ẹyin ojú méjèèjì, pé ti ọ̀tún kò rí nǹkan kan mọ́, ti òsì ń rí kìkì ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Ó bi í ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ní kò pẹ́, nọ́ọ̀sì ní kó má parọ́ fún òun, ni ó bá ní ó ti tó ọdún méjì. Ọdún méjì, lórí ibùsùn kan náà! Gbogbo rẹ̀ wá ń já lu ara wọn lórí mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ní òun kò lò mọ́ nítorí ọwọ́ ń ro òun. Ìwé àdúrà tí ó ń ní kí n kà sókè nítorí pé ohùn mi dùn, tí mo sì ń yangàn. Iyọ̀ tó gbé sínú ike, ṣúgà tó gbé sínú agolo, tó bá mi jà lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ wọn. Ògiri tó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ bó bá ń kọjá, tí mo rò pé ó ń wá eruku. Èmi tí mo lè dúró lójú ọ̀nà kí n fi etí mọ̀ pé sìlíńdà kan nínú ọkọ̀ tó ń kọjá kò ṣiṣẹ́.

Mo bi í kí ló dé tí kò sọ. Ó wá ní ìgbà tí òun fẹ́ sọ ọ́ ni o pe wá pé o ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ra ọkọ̀ míràn fún bàbá rẹ. Ó ní bí òun bá yanu, ìwọ yóò da owó ọkọ̀ sórí ojú òun, èmi yóò sì máa bá ọkọ̀ tó ń gba ẹ̀bẹ̀ yẹn kiri títí ilẹ̀kùn tó kù yóò fi jábọ́, tí nọ́ọ̀sì náà yóò fi sá. Ó ní òun mọ ilé yìí látòkèdélẹ̀, òun kò nílò ojú láti rìn nínú rẹ̀, etí ni òun fi ń mọ ibi tí olúkúlùkù wà àti ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ, bí kò bá ní ọkọ̀ tó ń kọ́ èèyàn, ó ní yóò kàn jókòó ni, yóò sì kú lórí ìjókòó. Ó wá ní ọkọ̀ tí kò dún yìí nìkan ló tú òun láṣìírí. Mo sunkún lójú nọ́ọ̀sì, lójú dẹ́rẹ́bà, lójú Kò-kánjú tí kò tíì dákẹ́ tirẹ̀. Ìyá rẹ ní kí a yéé sunkún, pé ó kéré tán ọkọ̀ náà rí òun, ó ní ó sàn ju àwọn ojú kan tó wà nínú ilé yìí lọ.

Kí dẹ́rẹ́bà tó gbé ọkọ̀ náà lọ nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ ní kí n mú òun dé ìdí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní ara rẹ̀ tutù, ó ní kí n sọ bó ṣe rí fún òun. Ọmọ mi, gbogbo èébú tí mo ti kó jọ láti àárọ̀, n kò rí ọ̀kan lò nínú rẹ̀. Mo ní ó funfun, ó ń dán, òrùlé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, iná iwájú rẹ̀ là já láti etí dé etí bíi ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ṣé òun kò sọ fún mi láàárọ̀ pé ó rẹwà? Mo ní ó sọ ọ́. Dẹ́rẹ́bà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ó gbọ́ ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, èrò mi nìyí, kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta ọkọ̀. Ojú rẹ̀ kò wù mí, ṣùgbọ́n ojú náà ríran, n kò ní bú u mọ́ láé. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́ta, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìkẹrin rí. Èyí tí kò dún, ó yẹ kí wọ́n fi ohùn sí i lára, kí ẹni tó ń fi etí ríran lè yà fún un. Bó bá di ọjọ́ kan tí a máa rà, àwọn orogún méjì yẹn ni mo mú, ó kéré tán wọ́n á máa kùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Mo bẹ̀ ọ́, fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n lè ṣí àwọ̀ náà kúrò ní ilé ìwòsàn ojú tó wà lọ́dọ̀ yín, pé ọ̀pọ̀ ló ń padà ríran, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó pẹ́ mọ́. Owó tí o ti kó jọ, ojú ìyá rẹ ni kó lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tó wà nílẹ̀ yìí, n óò máa bẹ̀ ẹ́, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Wá mú wa fúnra rẹ, má rán ẹnikẹ́ni, torí ìyá rẹ ní òun kò ní tẹ̀lé àjèjì. Fi owó ọkọ̀ èrò ránṣẹ́ ṣáájú, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún bàtà dẹ́rẹ́bà, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló sọnù ṣùgbọ́n mo rò pé méjì ni wọ́n máa ń tà pọ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ojú tó ń rí ohun tó wà nílé. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọ̀nà rẹ kò ní dí, ohun tí o ń fi pamọ́ fún wa kò ní parẹ́, ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò rántí rẹ. Ìyá rẹ ṣe àmín sí i, ó ṣe é kíkankíkan.

Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ rárá, pé kí o má da ara rẹ láàmú, kí o ṣe iṣẹ́ rẹ parí kí o tó wá. Mo ti kọ ọ́ bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti mẹ́nu kan ilé ìwòsàn ló ti di ọwọ́ òsì mi mú, ó dì í mú gan-an, kò sì tíì jù ú sílẹ̀. Tètè máa bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.